"Ó Rẹ̀ Mí" Kì Í Ṣe "Mo Ń Ṣe Ọ̀lẹ"

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gírámà, nítorí òun ni iṣẹ́ tiwa. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé ara òun kò ní okun mọ́, "Ó rẹ̀ mí" ló máa ń sọ. Ta ni olùwà nínú gbólóhùn yẹn? Èmi kọ́. "Ó" ni olùwà, "rẹ̀" ni ọ̀rọ̀-ìṣe, "mí" ni àbọ̀. Èmi ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, orí ń fọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí a bá dé orí ọ̀lẹ, gbólóhùn yí padà: "Mo ń ṣe ọ̀lẹ." Èmi ti di olùwà níbẹ̀. Èmi ni mo yàn án, èmi ni mo ń ṣe é, èmi náà ni ìbáwí sì tọ́ sí.

Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Àwa tí a ń sọ èdè náà lónìí la tún wá pò wọ́n pọ̀. Bí ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra ní Ṣàngó-Ọ̀tà bá sọ pé "ó rẹ̀ mí", ohun tí etí wa máa ń gbọ́ ni "mo ń ṣe ọ̀lẹ." Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: àṣìgbọ́ yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ sídìí oògùn agbára, oògùn agbára yẹn ló sì lè ba ẹ̀yà ara kékeré tó yẹ kó máa gbé wọn ró jẹ́. Bí a bá fẹ́ dáàbò bo ẹ̀yà ara náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni pé kí á gba aláìsàn gbọ́ nígbà tó bá sọ pé ó rẹ òun.

Ìlú tí kì í sùn

Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lónìí. Àwọn kan ń ṣe irin, àwọn kan ń ṣe ike, bébà, ọṣẹ, oúnjẹ àti oògùn. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba Ṣàngó kọjá, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò náà sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹnubodè Benin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, abẹ́ bíríìjì Ṣàngó ti kún. Àwọn kan ń lọ síṣẹ́ àárọ̀, àwọn kan ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà sì ń du ọkọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé kò sí wákàtí kan tí ìlú náà ń sùn tán.

Nínú èrò yẹn ni ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ásímà wà níbẹ̀, ẹni tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu, ẹni tó ń lo oògùn HIV lójoojúmọ́, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Kò sí àmì lójú wọn. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ bíi tàwọn yòókù, wọ́n ń dúró sídìí ẹ̀rọ bíi tàwọn yòókù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹun tán tí ara wọn tún le, ara tiwọn kì í padà sípò. Bí wọ́n bá jókòó díẹ̀ sí i, súpáfáísọ̀ a ní, "Ìwọ náà tún ti bẹ̀rẹ̀." Bí wọ́n bá délé tí wọn kò lè dáná, ìyàwó tàbí ọkọ a ní ilé ọ̀lẹ ni òun wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn tó sùn ní kíláàsì a gbọ́ èébú níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ló ń mú àárẹ̀ yìí wá?

Ẹ jẹ́ kí á fi fòníkú-fọ̀ladìde ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àìsàn ilé wa ni. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn yìí tó Nàìjíríà. Iye tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń dá ni nǹkan bí 150,000 ọmọ lọ́dọọdún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ẹnì kan ló ní AS. Kí James Herrick tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Chicago ní 1910, àwọn òbí ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń sọ ọmọ wọn ní Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé àìsàn yìí ló pa púpọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú nígbà náà.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ọjọ́ 10 sí 20 ni. Ẹ wò ó bí ilé iṣẹ́ kan nínú ọgbà ilé iṣẹ́ Ọ̀tà, tó jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ tó ń kó ẹrù rẹ̀ ló ń bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n sì ní láti máa ra tuntun lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ náà kò ní i ti, ṣùgbọ́n kò lè ní ẹrù lọ́jà tó ti aládùúgbò rẹ̀ láéláé. Bí ara ẹni náà ṣe rí nìyẹn, kó tó wá kan ìrora egungun tí kì í jẹ́ kó sùn lóru.

Ọ̀nà tí àwọn àìsàn yòókù ń gbà yọ́ wọlé yàtọ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, oúnjẹ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó nílò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń dín kù nítorí pé kíndìnrín ló ń rán egungun létí pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Ikọ́ ife, tí gbogbo ayé mọ̀ sí TB, máa ń jẹ ara run díẹ̀díẹ̀. Ìbànújẹ́ ọkàn tí kò lọ náà ń fa àárẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oògùn kan tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ. Nítorí náà, àárẹ̀ kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà kan ni tí oríṣiríṣi àlejò ń gbà wọlé, ẹni tí kò bá béèrè orúkọ àlejò kò lè mọ irú àga tí yóò gbé fún un.

Fìlà orí kíndìnrín

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn lórí WhatsApp: wọ́n ní bí ó bá ń rẹ èèyàn ṣáá, adrenal rẹ̀ ni ó ti rẹ̀, kí ó wá ra ìyẹ̀fun báyìí tàbí kápúsù báyìí tí yóò tún un ṣe. Kí ni adrenal yìí gan-an?

Lókè kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tó jókòó bíi fìlà. Méjì ni wọ́n. Ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5, bíi ṣúgà onígun kan péré. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Òun ló ń ṣe adrenaline tó ń mú àyà já pà nígbà tí ọ̀kadà bá fẹ́ gbá wa. Òun ló ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù tó ń ṣọ́ iyọ̀ àti omi ara kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ má baà wálẹ̀ jù. Òun náà ló ń ṣe cortisol, tó ń bá wa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ró, tó sì ń mú ara dúró nígbà ibà, jàm̀bá tàbí iṣẹ́ abẹ. Cortisol ní àkókò tirẹ̀. Ó máa ń gòkè bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ó máa ń wálẹ̀ jù lọ ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ alẹ́ fi máa ń le fún ara: wákàtí tí ara ń palẹ̀ mọ́ ni a ń ní kó tẹ́ ọjà.

Adrenal lè ṣàìsàn lóòótọ́. Ní 1855, dókítà kan ní London tó ń jẹ́ Thomas Addison kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí àárẹ̀ wọn kò lọ, tí wọ́n ń rù, tí wọ́n ń bì, tí àwọ̀ ara wọn ń dúdú sí i, tí wọ́n sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wọn wò, adrenal wọn ni wọ́n bá tó ti bàjẹ́. TB ló ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ nígbà náà, ó sì ń ba ti àwọn kan jẹ́ dòní. Àìsàn Addison yìí ní ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ̀ ọ́n, ó ní oògùn, ó sì lè pa èèyàn bí a kò bá tètè mọ̀ ọ́n.

Èyí yàtọ̀ pátápátá sí "adrenal tó rẹ̀" tí wọ́n ń polówó. Ní 1998 ni James Wilson ní Amẹ́ríkà dá orúkọ yẹn sílẹ̀. Ní 2016, onímọ̀ méjì láti Brazil, Cadegiani àti Kater, kó ìwádìí 58 jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Èyí kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni àárẹ̀ àwọn èèyàn náà. Ó túmọ̀ sí pé wọn kò tíì rí ohun tó ń fà á gan-an. Nǹkan mìíràn wá tún burú ju ìyẹn lọ. Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn Mayo Clinic Proceedings gbé ìwádìí kan jáde lórí oríṣi 12 lára àwọn kápúsù "àtìlẹyìn adrenal" tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Họ́mọ́ọ̀nù ọ̀nà ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid wà nínú gbogbo wọn, họ́mọ́ọ̀nù steroid sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Wọn kò kọ ọ́ sára ìgò. Ẹni tó rò pé ewé lòun ń gbé mì, họ́mọ́ọ̀nù ló ń gbé mì.

Oògùn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara

Ní Ṣàngó, kò pọn dandan kí èèyàn ra kápúsù òkè òkun kó tó kó sí wàhálà yìí. Kẹ́míìsì wà ní gbogbo òpópónà. Ẹni tí ara ń ro, tí ó sì gbọ́dọ̀ wọ iṣẹ́ alẹ́, a lọ bá wọn pé kí wọ́n po oògùn fún òun. Wọ́n á ka hóró mẹ́rin, márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré, kò sí orúkọ, kò sí àlàyé. Púpọ̀ nínú wa ló ti rí hóró kékeré kan nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ rí, tí ìrora á lọ, tí oúnjẹ á máa wu èèyàn jẹ, tí ara á le bí ẹni pé wọ́n tún èèyàn dá. Dexamethasone tàbí prednisolone ni hóró náà sábà máa ń jẹ́. Steroid ni àwọn méjèèjì, oògùn tí dókítà nìkan ló yẹ kó kọ ọ́ fúnni. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan náà ń lò ó láti fi sanra.

Ìyanu tí steroid ń ṣe kò jẹ́ tuntun. Ní 1948, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tí oríkèé ríro ti sọ di arọ ní irú oògùn yìí, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń rìn. Ní 1950, wọ́n fún Hench, Kendall àti Reichstein ní ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀: ojú tó wú, egungun tó rọ̀, ṣúgà tó gòkè, ìfúnpá tó ru, àti adrenal tó sùn lọ.

Báwo ló ṣe ń sùn lọ? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Iye cortisol tí adrenal wa ń ṣe lójúmọ́ kò ju ohun tó bá nǹkan bíi mílígíráàmù 15 sí 25 hydrocortisone dọ́gba. Mílígíráàmù 0.75 dexamethasone bá mílígíráàmù 5 prednisolone dọ́gba, méjèèjì sì bá 20 hydrocortisone dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó gbé hóró dexamethasone méjì tó jẹ́ 0.5 mì lóòjọ́ ti gba gbogbo ohun tí adrenal rẹ̀ yóò ṣe lọ́jọ́ yẹn láti ìta, ó tilẹ̀ ti lé. Ọpọlọ, tó ń ka iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, a rí i pé nǹkan ti pọ̀, a sì ránṣẹ́ sí adrenal pé kó lọ jókòó. Bí èyí bá ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, adrenal á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọjọ́ tí owó bá tán, tí èèyàn kò rí hóró rà mọ́, ara á ké pe adrenal, adrenal kò ní í lè dìde. Àárẹ̀ tó burú ju ti àkọ́kọ́ á dé, èébì, òòyì ojú, ìfúnpá tó wálẹ̀, ṣúgà tó wálẹ̀. Bí ibà tàbí jàm̀bá bá tún bá a níbẹ̀, ó lè kú.

Ìdí nìyí tí ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mọ́ọ̀nù ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2024 fi sọ pé ẹni tó bá ti lo steroid ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ní ìwọ̀n tó ju èyí tí ara ń ṣe lọ, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ńṣe ni wọ́n máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà.

Ọ̀nà mìíràn tí steroid ń gbà wọlé ni kíríìmù ìbóra. Clobetasol wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oògùn àwọ̀ ara ni, ìlànà lílò rẹ̀ sì ni pé kí ó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó má sì ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó ń fi para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ó ń gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìkẹta ni ìgò àti kápúsù tí wọ́n ní ewé àti egbò nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ní 2022, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kìlọ̀ lórí ọjà kan tó ń jẹ́ Artri King, tí wọ́n ń tà fún ìrora oríkèé gẹ́gẹ́ bí ohun àdáyébá. Dexamethasone àti diclofenac ni wọ́n bá nínú rẹ̀. A kò bá àgbo jà o. Ọmọ Yorùbá ni wá, inú àgbo la ti dàgbà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ẹni tó ń tà á nínú ọkọ̀ sì ń ṣèlérí pé ìrora ọdún mẹ́wàá á lọ lálẹ́ òní, ó yẹ kó kọ èèyàn lóminú. Ewé kì í sábà yára tó bẹ́ẹ̀.

Ewu yìí tún lé kún fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ máa ń pa eegun ìbàdí, steroid náà máa ń pa eegun ìbàdí. Àwọn dókítà sì ti rí i pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lo steroid tó sì dá a dúró, ìrora egungun lè padà wá pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó rà láti fi lè lọ síṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí ló lè dá a dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí tán kó lọ da oògùn tí dókítà kọ fún un nù. Steroid ń gba ẹ̀mí là. Ó ń gba ti alásímà là, ní oṣù kẹfà 2020 ni ìwádìí RECOVERY ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi hàn pé dexamethasone dín ikú kù láàárín àwọn tí COVID-19 mú débi pé wọ́n nílò ọ́síjìn. Rírà á láìmọ orúkọ rẹ̀ àti dídá a dúró lójijì ni ọ̀tá.

Owó ńkọ́?

A mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí wọ́n ń pè ní káṣúà, ọjọ́ tí kò bá lọ ni kò gbowó. Hóró oògùn inú ọ̀rá kò tó owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Òótọ́ ni, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí a sọ pé ẹrù yìí kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Bí ẹnì kan bá ní láti fi adrenal rẹ̀ dógò kí wọ́n má baà lé e lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó gbé e dé ibẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀.

Òfin tilẹ̀ wà nílẹ̀. Labour Act ti Nàìjíríà sọ ní abala 16 pé òṣìṣẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí pé ó ṣàìsàn ní ẹ̀tọ́ láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún. Abala 13 sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Òṣìṣẹ́ mélòó ni Ṣàngó ló ti rí ìwé yìí rí? Mélòó ló ti gbọ́ ọ ní Yorùbá?

Ẹlòmíràn yóò ní àwọn ọ̀lẹ wà lóòótọ́ tí yóò fi àìsàn bojú. Wọ́n lè wà. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ọ̀lẹ kan gbọ́ lọ́nà àṣìṣe, ohun tí a pàdánù ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí a kò bá gba aláìsàn kan gbọ́, a lè pàdánù èèyàn.

Kí ni kí á ṣe?

Ìwọ tí ó ń rẹ̀, má fi ẹnu pa mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo ló máa ń rẹ̀ ọ́, oorun wákàtí mélòó lo sùn, oògùn wo lo lò. Mú ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà, kí o sì béèrè pé kí wọ́n yẹ iye ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, àti ṣúgà, ìfúnpá, kíndìnrín, thyroid. Ètò ìjọba mú kí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú TB jẹ́ ọ̀fẹ́. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi "ibà àti táífọ́ọ̀dù" lé ọ padà lẹ́ẹ̀mẹrin láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí o bá ti lo hóró tí o kò mọ orúkọ rẹ̀ tàbí kíríìmù ìbóra fún ìgbà pípẹ́, sọ ọ́ láìtijú, kí wọ́n lè yẹ cortisol rẹ wò ní àárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti Ọ̀tà lọ, wọ́n lè kọ̀wé rán ọ lọ sí FMC ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tún ní Sickle Cell Foundation ní Ìdí-Àràbà.

Nílé, iṣẹ́ tí o lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, pín in sí mẹ́ta. Má dúró dìgbà tí okun bá tán pátápátá kí o tó jókòó. Mu omi, jẹun lásìkò, sùn ní wákàtí kan náà bí iṣẹ́ bá gbà fún ọ. Kò sí kápúsù kankan tó ń ti adrenal lẹ́yìn ju nǹkan wọ̀nyí lọ, àti ìtọ́jú àìsàn tó wà nídìí àárẹ̀ náà.

Ẹ̀yin òbí, ọkọ, ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n, ẹ yé e fi "kí ló tún dé?" dáhùn "ó rẹ̀ mí." Ẹ béèrè pé, "Kí ni mo lè bá ọ ṣe?" Ẹ̀yin súpáfáísọ̀, àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àti omi mímu kò lè sọ ilé iṣẹ́ di gbèsè. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ alẹ́ léraléra bí iṣẹ́ àárọ̀ bá wà. Ẹ̀yin tó ní kẹ́míìsì, ẹ kọ orúkọ oògùn sára ọ̀rá. Ẹni tó ń ra oògùn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń gbé mì.

Ó ku àwa tí a ń kọ́ Yorùbá. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ń lo steroid ní káàdì pélébé kan ní England, tí yóò sọ fún dókítà ohun tó yẹ kó ṣe bí ẹni náà bá dákú. Kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe irú rẹ̀ ní èdè tí ìyá tó ń tajà ní Ojú-Ọ̀rẹ́ lè kà. Ohun tí a ti kọ nìyí, ẹ tún un ṣe bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀: "Mo ń lo oògùn steroid. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Bí mo bá ń bì tí kò dáwọ́ dúró, bí mo bá dákú, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ẹ sọ fún dókítà kíákíá, ara mi lè nílò abẹ́rẹ́ hydrocortisone." A fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì àti apòògùn tó bá ń kà wá yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ṣàngó, Ìjọ̀kó, Òwòdé àti Àtàn, ẹ sọ fún wa ibi tí ẹ fẹ́ kí a gbé e lọ.